Ohun tó ṣe Bọ̀dá Èkó lórí òkè Adó-Àwáyè

Láti ìgbà tá a ti dé láti Adó-Àwáyè ni ọ̀rọ̀ ti ń jà ràn-ìn ní àdúgbò wa l'Ọ́yọ̀ọ́ níbí pé òkè mú Bọ̀dá Èkó, ọkùnrin kan tó bá ẹgbẹ́ wa lọ, pé ó ṣe ohun tí wọn kì í ṣe níbẹ̀ ni wọ́n ṣe fà á wálẹ̀. Ẹnì kan tiẹ̀ pè mí láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní ṣé lóòótọ́ ni pé adágún fẹ́ gbé e lọ. Èmi wà níbẹ̀. Èmi ni mo di ọwọ́ ẹ̀ mú tí mò ń ka bí ọkàn ẹ̀ ṣe ń lù, torí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ kí n kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe lọ, torí ìlú tí wọ́n ń bà lórúkọ jẹ́ yìí, oore ni wọ́n ṣe wá.

Àwa tá a lọ, ará àdúgbò ló pọ̀ jù nínú wa. A máa ń rìn láàárọ̀ Sátidé láti Ìsokùn lọ sí apá Àkẹ̀sán ká tó padà, àwọn kan torí ẹ̀jẹ̀ ríru, àwọn kan torí pé wọ́n fẹ́ kí ikùn wọlé, àwọn ọ̀dọ́ sì ń bá wa lọ torí wọ́n fẹ́ràn ẹ̀. Ó wá di pé ká jáde sí ìgbèríko, ká lọ rìn níbi tí kò ti sí èéfín ọkọ̀, ká rí òkè, ká rí igbó. Àwọn kan ní ká lọ sí Old Oyo National Park, torí ọ́fíìsì wọn wà l'Ọ́yọ̀ọ́ níbí, iwájú ẹ̀ là ń kọjá. Ibẹ̀ dáa o, ọdún 1991 ni ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di national park, ó fẹ̀ tó 2,512 square kilometre, ahoro Ọ̀yọ́-Ilé gan-an wà nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, mọ́tò lèèyàn fi ń rìn ín, àwa sì fẹ́ fẹsẹ̀ rìn ká tún padà wá sùn nílé. Bẹ́ẹ̀ la ṣe mú Adó-Àwáyè.

Ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀, ẹ gba ọ̀nà Fáṣọlá dé Ìsẹ́yìn, ẹ tún wá rìn bíi 20 kìlómítà sí i. Ẹsẹ̀ òkè ni ìlú wà, òkè ọ̀hún sì jẹ́ àpáta gidi. Ìtàn wọn ni pé orí òkè lọ́hùn-ún làwọn baba ńlá wọn ń gbé láyé ogun kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì máa ń sọ pé ọmọ oyè láti Ọ̀yọ́ ló tẹ̀ ẹ́ dó, torí ẹ̀ nígbà tá a débẹ̀ ṣe ni wọ́n ń kí wa pé ẹ káàbọ̀ sílé. Wọ́n ti ṣe àtẹ̀gùn sí apá ìsàlẹ̀, 369 ni wọ́n máa ń kà á sí, tí ìyẹn bá parí ẹ máa wá fẹsẹ̀ ara yín gun àpáta lásán. Lókè ni òkúta Ìṣàgẹ̀ wà, òkúta ràgàjì tó dúró lórí òkúta míì tí kò yẹ̀, wọ́n ró aṣọ funfun mọ́ ọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń tọrọ òjò tí ọ̀dá bá dá. Ẹsẹ̀ Àwọn Àgbà wà níbẹ̀, ìyẹn àwọn ihò tó wà lára àpáta tí wọ́n rí bí ojú ẹsẹ̀. Adágún Ìyá Aláró wà níbẹ̀. Ìyákẹ́ sì wà, adágún tó wà lórí òkè téńté, òun ló gbé orúkọ ìlú náà jáde sáyé. Mo ti ń rí fọ́tò ẹ̀ tipẹ́ ṣùgbọ́n fọ́tò ò lè sọ ọ́ tán, ẹ̀yin náà ẹ dé orí àpáta yẹn kẹ́ ẹ wo ìsàlẹ̀, ẹ máa rí páànù ilé tó ti pupa, oko iṣu, oko gbágùúdá, igi kajú, òkè lóríṣiríṣi lókèèrè, atẹ́gùn á sì máa fẹ́ yín lára débi tẹ́ ẹ ò ní mọ̀ pé oòrùn ń jẹ yín. Ọ̀rọ̀ atẹ́gùn yẹn, ẹ fi í sọ́kàn, mo ṣì ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Aago mẹ́fà àárọ̀ la fi sí. Bọ́ọ̀sì tá a háyà dé, táyà ẹ̀yìn ti jò, spare tó gbé dání náà ò ní afẹ́fẹ́, ká tó wá fọ́kànáísà tó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ Sátidé, ká tó lẹ̀ ẹ́, aago mẹ́jọ ti kọjá. Nígbà tá a fi máa dé Adó-Àwáyè, tá a kí àwọn tó yẹ ká kí, tá a san owó ìgòkè, tí wọ́n fún wa ní ẹni tó máa mú wa lọ, ó ti lé ní aago mẹ́wàá. Ìparí oṣù kejì sì ni, ọyẹ́ ti lọ, òjò kankan ò tíì rọ̀, ẹ mọ bí ooru ìgbà yẹn ṣe máa ń rí.

Ọmọkùnrin tó mú wa gòkè yẹn ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún lójú mi. Sílípáàsì ló wọ̀, àwa wọ kánfáàsì, òun ló sì ń dúró dè wá. Ká tó gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ ló ti yíjú sí wa, ó ní, “Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ta ni ara ẹ̀ ò le nínú yín, ta ló ń lo oògùn? Oòrùn ti ń le, a ò gbọdọ̀ pẹ́ lókè.” Àwọn ìyá méjì sọ tiwọn, ó ní kí wọ́n máa tẹ̀ lé òun lẹ́yìn pẹ́kípẹ́kí. Bọ̀dá Èkó ò sọ nǹkan kan.

Bọ̀dá Èkó la máa ń pè é torí Èkó ló ń gbé, àbúrò landlord kan ládùúgbò wa ni, ó ti lé ní ọdún 55. Alẹ́ Fraide ló wọ̀lú. Ọlọ́yàyà èèyàn ni, tó bá wà níbì kan kò sẹ́ni tó lè sùn níbẹ̀. Gbogbo àtẹ̀gùn yẹn tó ń mú àwa tó kù mí gúle-gúle, òun ń sọ ìtàn, ó ń pa àwọn ọ̀dọ́ lẹ́rìn-ín, ó ń gba àpò lọ́wọ́ àwọn ìyá. Ṣòkòtò jíǹsì tó nípọn ló wọ̀, polo dúdú, fìlà sì wà lórí. A dé Ìṣàgẹ̀, a ya fọ́tò. A dé Ẹsẹ̀ Àwọn Àgbà, gbogbo wa ya fọ́tò níbẹ̀, gbogbo wa, mo ń tẹnu mọ́ ọn torí ibẹ̀ ni wọ́n ní ó ti ṣe ohun tí kò dáa. A dé Ìyákẹ́, ọmọ tó mú wa wá ní ká má sún mọ́ etí omi jù, ká má wọ inú ẹ̀, kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn. A jókòó, àwọn kan rẹ gàrí, àwọn kan jẹ ẹyin sísè. Bọ̀dá Èkó ò jẹ nǹkan kan. Ó ní òun ò tíì rí ebi.

Ìgbà tá a ń padà bọ̀ lórí àpáta gbọọrọ tí kò sígi yẹn ni mo ṣàkíyèsí pé mi ò gbọ́ ohùn ẹ̀ mọ́. Mo wẹ̀yìn, mo rí i pé ó ti gbẹ́yìn gbogbo wa, ó ń yán, ó ń fọwọ́ ra itan. Mo ní, “Bọ̀dá, ṣé kò sí o?” Ó ní iṣan ẹsẹ̀ ló ń fa òun. Kò pẹ́ ó ní ojú ń ṣú òun, ó bì, omi lásán ló jáde. Ó fẹ́ jókòó, ó sì ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Aago méjìlá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni.

Ariwo ta. Ẹnì kan ń pe Jésù, ẹnì kan ń ké lá ìlàhá, ẹnì kan ti na fóònù sókè ó ń ya fídíò, fídíò yẹn gan-an ló fa gbogbo wàhálà tí mò ń kọ lórí ẹ̀ yìí. Ọmọkùnrin kan fẹ́ fi ṣíbí la eyín ẹ̀, mo ní kò sí gìrì níbí, gbé ṣíbí ẹ kúrò. Òmíràn ti ṣí energy drink, mo ní ìyẹn náà kọ́, ọkàn ẹ̀ ti ń sáré jù tẹ́lẹ̀. Èyí tó burú jù ni ẹni tó fẹ́ da odindi pure water sí i lẹ́nu nígbà tó ṣì dojú sókè. Ẹ gbọ́, ẹni tí orí ẹ̀ ò tíì pé, tẹ́ ẹ bá da omi sí i lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró ló máa gbà, ẹ máa wá fi ìyẹn kún èyí tó ń ṣe é.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé ká gbé e kúrò lórí àpáta. Àpáta tí oòrùn ti ń pa láti àárọ̀, ooru tó ń tú sókè láti ara ẹ̀ ò kéré sí èyí tó ń bọ̀ látọ̀run, a wá tẹ́ èèyàn lé e bí àkàrà inú agbada. Ọmọ tó mú wa wá mọ ibi tí igi ti wù nínú pàlàpálá àpáta kan tí kò jìnnà, ó gbá a mú lábẹ́ apá, àwọn ọ̀dọ́ gbé ẹsẹ̀, a gbé e débẹ̀. Mo ní kí wọ́n bọ́ polo àti bàtà, kí wọ́n tú bẹ́líìtì, kí wọ́n fi àpò méjì gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ sókè. Mo wá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Mo pè é lórúkọ, ó dáhùn. Mo ní níbo la wà, ó ní “Adó”, mo ní ta lèmi, ó pè mí ní “Ìyá Nọ́ọ̀sì”. Òógùn bò ó, ara ẹ̀ tutù nini, ọkàn ẹ̀ ń lù kíákíá àmọ́ kò lágbára lọ́wọ́.

Ohun tí mò ń wá nìyẹn. Ooru máa ń mú èèyàn lọ́nà méjì. Ti àkọ́kọ́ ni pé omi àti iyọ̀ ti bá òógùn lọ, ara á tutù, òógùn á máa ṣàn, orí á máa fọ́, iṣan á máa fà, èébì á máa gbé e, ṣùgbọ́n iyè ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tọ́jú ẹ̀ kíákíá ó máa dìde. Ti ìkejì ni èyí tó ń pààyàn: ara á gbóná tó 40 degree tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òógùn lè dá tàbí kó má dá, ẹni náà á máa sọ ìsọkúsọ, kò ní dá yín mọ̀, gìrì lè gbé e. Ìyẹn ò gba ìjókòó sábẹ́ igi rárá, ẹ máa da omi sí gbogbo ara ẹ̀, ẹ máa fẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ sì máa sáré gbé e lọ ọsibítù. Àti pé ti àkọ́kọ́ lè di ti ìkejì láàárín àkókò díẹ̀ tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ nínú oòrùn, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bi í ní ìbéèrè léraléra bí ẹni tó ń fi ẹjọ́ dà á láàmú, mo fẹ́ mọ ìgbà tí ìdáhùn bá yí padà.

A rẹ ìborùn sínú omi, a tẹ́ ẹ sí i láyà àti ọrùn, àwọn ọ̀dọ́ ń fi fìlà fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn tí ojú ẹ̀ là dáadáa tó sì lè jókòó, ó ku omi mímu. Omi lásán nìkan ò tó fún ẹni tó ti làágùn tó bẹ́ẹ̀. Mo ní ta ló ní ṣúgà, àwọn tó rẹ gàrí ní ṣúgà. Mo ní iyọ̀ ńkọ́, ìyá kan tú nylon tó fi di iyọ̀ tí wọ́n fi jẹ ẹyin. Pure water kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50cl, méjì jẹ́ lítà kan, a da méjì sínú ike, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà tí kò kún ṣíkún, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, a pò ó. Ẹ má ṣe fojú díwọ̀n iyọ̀ o, tí iyọ̀ bá pọ̀ jù ó máa dá kún ìṣòro. Mo ní kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀, torí tó bá gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà ó máa bì í.

Láàárín ìgbà yìí ni mo wá ń gbọ́ òótọ́ lẹ́nu ẹ̀. Kò sùn dáadáa lóru torí ìrìn-àjò. Tíì lásán ló mu láàárọ̀. Kò mu omi látinú bọ́ọ̀sì torí kò fẹ́ kí wọ́n máa dúró fún òun láti tọ̀. Ó sì lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀, irú èyí tó máa ń jẹ́ kéèyàn tọ̀ ṣáá, tó ń fa omi àti iyọ̀ kúrò lára. Oògùn tó dáa ni fún ẹ̀jẹ̀ ríru, èmi náà ti fún ọ̀pọ̀ èèyàn lò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lò ó tí kò mumi tó wá gun òkè lọ́sàn-án gangan, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ á wálẹ̀ kọjá ààlà. Atẹ́gùn orí òkè tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan sì ń gbẹ òógùn náà bó ṣe ń jáde, ó rò pé òun ò làágùn. Ẹ wò ó, kí ló tún kù tí ẹnikẹ́ni máa fi sùn òkè?

Ọmọ tó mú wa wá ti tẹ ilé láago. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọkùnrin méjì fi yọ sí wa láti ìsàlẹ̀, wọ́n ru kéègì omi, wọ́n mú agbòòjò ńlá méjì dání. Bàbá àgbàlagbà kan náà wà lẹ́yìn wọn, tó ń gun àpáta yẹn wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìyá kan nínú wa kúnlẹ̀ fún un, ó ní “Bàbá, ẹ dákun, tó bá jẹ́ pé a ṣẹ̀, ẹ bá wa tọrọ.” Bàbá wo Bọ̀dá Èkó, ó fọwọ́ kan iwájú orí ẹ̀, ó ní, “Oòrùn ni. Ẹ fún un lómi, ẹ jẹ́ kí oòrùn rọlẹ̀ kẹ́ ẹ tó mú un sọ̀.” Ó wá wúre fún gbogbo wa, a ṣe àmín. Ẹni tó mọ ohun tó ń jẹ́ èèwọ̀ níbẹ̀ ju gbogbo wa lọ ló sọ ọ̀rọ̀ yẹn lójú gbogbo wa, kò sì sí ìkankan nínú àwọn tó ń gbé fídíò kiri tó rántí fi sí i. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó gbà gbọ́, àwọn ará Adó ní ohun tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún, a sì bọ̀wọ̀ fún un. Èyí tí mi ò lè gbà ni kéèyàn fi orúkọ wọn bo ohun tí omi àti iyọ̀ lè wò.

Ó tó wákàtí méjì tá a lò lábẹ́ igi yẹn. Ó tọ̀ díẹ̀, ó pọ́n bíi tíì dúdú, mo ní kó tún máa mu sí i. Àwọn kan fẹ́ kí wọ́n pọ̀n ọ́n sẹ́yìn sọ̀, mi ò fara mọ́ ọn, àtẹ̀gùn yẹn ga, tí ẹni tó pọ̀n ọ́n bá yọ̀, ẹni méjì ló máa fara pa. Ìgbà tí òjìji bo ẹ̀gbẹ́ ibi tí àtẹ̀gùn wà la bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, ọ̀dọ́ kan níwájú ẹ̀, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, agbòòjò lórí, a ń jókòó níbi tí ọmọ tó mú wa wá bá ti ní ká jókòó. Ó mọ gbogbo ibi tí òjìji máa ń wà ní aago tó bá jẹ́. Àwọn kan nínú wa ti sọ láàárọ̀ pé kí la fẹ́ fi ẹni tó ń múni gòkè ṣe, pé ọ̀nà ò ṣe é ṣì, owó lásán ni. Owó yẹn ló tọ́ jù nínú gbogbo owó tá a ná lọ́jọ́ yẹn.

Láti ibẹ̀ a gbé e lọ sí ọsibítù kan n'Ísẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ jẹ́ 95 lórí 60, ẹni tó sọ pé òun máa ń ní 150 nílé. Ṣúgà ara ẹ̀ dáa. Wọ́n fa omi sí i lára, ó jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ín-mọ́ín nírọ̀lẹ́, ó ń sọ̀tàn padà, a mú un wálé lóru. Dókítà ẹ̀ l'Ékòó ti wá pààrọ̀ oògùn ẹ̀ sí òmíràn, ó sì ti ní tó bá tún fẹ́ jáde ìrìn nínú ooru kó kọ́kọ́ pe òun. Ìyẹn ṣe pàtàkì, kí ẹnikẹ́ni má torí ohun tí mo kọ yìí sọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀ nù o. Ẹ bi dókítà tàbí nọ́ọ̀sì yín.

Nípàdé ẹgbẹ́ lẹ́yìn ẹ̀, ọ̀rọ̀ gbóná. Àwọn kan ní ká má lọ ìgbèríko kankan mọ́, ká máa rìn l'Ọ́yọ̀ọ́ tó wà. Èmi ò sí nínú wọn. A fohùn ṣọ̀kan pé wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ bọ́ọ̀sì àti spare wò láti ìrọ̀lẹ́ Fraide, pé tí aago mẹ́jọ bá lù tí a ò tíì dé ẹsẹ̀ òkè a ò ní gùn ún, a máa rìn nísàlẹ̀ láàárín oko. Pé kálukú máa gbé omi ara ẹ̀ dání, ó kéré jù pure water kan fún wákàtí kan, tí ooru bá wá mú kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pé mo máa wọn ẹ̀jẹ̀ gbogbo ẹni tó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún, kí wọ́n sì sọ oògùn tí wọ́n ń lò fún mi létí, kì í ṣe níwájú èrò, torí mo rò pé ìtìjú ló pa Bọ̀dá Èkó lẹ́nu mọ́ lẹ́sẹ̀ òkè yẹn.

Ibi tó kù tá ò tíì fẹnu kò sí ni ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ bá ga láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Alága ní kó dúró sílé, èmi ní kó bá wa lọ kó dúró sí ìsàlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará ìlú. Bọ̀dá Èkó ti tẹ̀ wá láago pé nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró, òun ń bọ̀, àti pé kí ẹni tó ya fídíò yẹn pa á rẹ́. Onítọ̀hún ti pa á rẹ́ lórí fóònù ẹ̀. Torí èyí tó ti wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn ni mo ṣe kọ èyí, ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá fi fídíò náà ránṣẹ́ sí yín.